Ìnáwó Àwọn Ìyá Wa: Ibi Tó Ti Wá àti Ohun Tó Ń Ṣe fún Wa

  

Ọ̀rọ̀ kan ló bí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Nígbàkígbà tí àyájọ́ ẹgbẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, ẹnì kan kì í ṣàì dìde nípàdé kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ máa ṣọdún sí? Ẹ jẹ́ ká pín owó yẹn, kí kálukú fi ra ọjà sísọ̀." Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kọ́ lẹni yẹn sọ. Ọjà wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n, ti owó ilé ìwé kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tó bá ní ká ṣọ́wó ná kò ṣe wá níbi. Àwọn mìíràn náà á sì dáhùn pé bí ọdún ẹgbẹ́ bá ti kú, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ ju ẹgbẹ́ wa lọ. Ó yẹ ká bojú wẹ̀yìn, ká mọ ohun tí àwọn ìyá ìyá wa ń fi ayẹyẹ ṣe gan-an, ká tó mọ èyí tí a ó dì mú àti èyí tí a ó jù nù.

ÈÈNÌ ÀTI ÀDÚRÀ ÒWÚRỌ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ayẹyẹ, ohun tó ń sọ síni lọ́kàn ni kánópì, ìrẹsì àti ìlù. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń ṣe ètò kéékèèké tí a ò kà sí nǹkan kan. Obìnrin kì í tẹ́ ọjà láàárọ̀ láìgbàdúrà, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá," òun náà á ṣe àmín. Owó tó bá kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣàdédé jù ú sápò; a ó fi kan iwájú orí, a ó ní kó lọ pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Bí oníbàárà bá sì ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́rin, a ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn.

Ẹ wo èènì yẹn dáadáa. Kò sí nínú ìṣirò òwò tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lè ní òun ò ṣe èènì mọ́, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má sì ṣí lọ sí ìsọ̀ kejì? Èènì ló ń sọ fún oníbàárà pé owó rẹ̀ nìkan kọ́ la rí, a rí òun náà. Bí ìnáwó ńlá náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ ohun tí a fi ń lé ìbágbé, kí àjọṣe wa má baà parí sórí "mo ta, o rà".

OMI, IYỌ̀, OYIN

Nínú gbogbo ayẹyẹ wa, ìsọmọlórúkọ ló sún mọ́ gbogbo èèyàn jù, torí kò sí ẹni tí wọn kò sọ lórúkọ. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé The History of the Yorubas, sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé tiẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó kú ní 1901, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, ìyá á gbé ọmọ gba abẹ́ omi tó ń kán bọ̀ náà kọjá. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ohun tí wọ́n ń lò níbẹ̀: omi, iyọ̀, oyin, epo, obì, orógbó, ataare. Ṣé ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́jà wa, tí kò sì sí èyí tó ju agbára tálákà lọ nínú wọn? Omi kò lówó. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè tọrọ ataare kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ohun olówó ńlá. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ní sányán. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ìyẹn sí ìdí ìsọmọlórúkọ, nítorí ètò tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí olówó nìkan lè ṣe.

Ohun tó ṣòroó rí níbẹ̀ ni èèyàn. Ìyá bàbá á sọ orúkọ tirẹ̀, á fi owó lé e. Ìyá ìyá náà á sọ tirẹ̀. Àwọn ará ilé, àwọn ọ̀rẹ́, gbogbo ẹni tó bá ní orúkọ lẹ́nu á sọ ọ́, owó á sì tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọmọ Yorùbá fi ń lórúkọ mẹ́fà, mẹ́jọ. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì ti gbà lójú gbogbo ayé pé òun ní ẹrù nínú ọmọ yìí. Bí ìyá ọmọ bá kú lọ́la, tàbí tí ọjà rẹ̀ bá jóná, ọmọ ní ẹni tó lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lé orúkọ kọ́ ni ìnáwó náà, ìlérí tó wà nídìí rẹ̀ ni.

Bákan náà ni fírídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ rí. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe lè mọ iṣẹ́ náà tán ní ọdún kejì, síbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́mọ iṣẹ́ títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi gbàdúrà fún un lójú àwọn ọ̀gá yòókù, tí yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ti di ẹlẹ́rìí rẹ̀.

ÌNÁWÓ NI ONÍDÙÚRÓ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an nìyí. Johnson náà kọ nípa èésú. Ó ní àwọn èèyàn á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi ẹnì kan ṣe olórí, kálukú á máa dá iye kan náà ní àsìkò kan náà, wọ́n á sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe kàn án. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ilé-Ifẹ̀, kọ ìwádìí rẹ̀ lórí èésú jáde ní 1952. Kódà àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun kò gbàgbé rẹ̀. Títí dòní, ní erékùṣù Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é.

Ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ yẹ̀wò. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹni tó kàn á kó ₦50,000 láìsí èlé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ́ gbèsè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ti fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Láyé ọjọ́un, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, kò sí lọ́yà. Kí ló wá jẹ́ kí ẹni ìkẹyìn lè sùn lóru? Kí ló dá a lójú pé ẹni àkọ́kọ́ kò ní sá lọ?

Ohun tó dá a lójú ni pé ó mọ̀ ọ́n. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ó bá a sin ìyá rẹ̀. Ó mọ ilé ọkọ rẹ̀, ó mọ ilé bàbá rẹ̀, ó mọ ìjọ tàbí mọ́sálásí rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ti wá kí nígbà ayọ̀ àti nígbà ọ̀fọ̀, níbo ló fẹ́ sá gbà? Lójú tiwa, ìnáwó ni onídùúró àwọn ìyá wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ẹni tó ń dúró fọ abọ́ lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, àti ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ló ń wá jẹ. Bí ẹ bá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ lónìí, tí wọ́n ní kí ẹ wá ẹni méjì tí yóò ṣe onídùúró, ta lẹ máa ń lọ bá? Ṣebí àwọn tí ẹ jọ ń nawó fún ara yín ni.

GBÈSÈ ÌNÁWÓ

Ṣùgbọ́n ìtàn kò lójú kan. Àwọn ìyá wa rí jàǹbá tí ìnáwó ń ṣe, ó sì yẹ ká sọ ìyẹn náà.

Ìwọ̀fà lorúkọ jàǹbá náà láyé àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ sìnkú òbí rẹ̀, tí kò sì lówó lọ́wọ́, á lọ yáwó lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀, á wá fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yáni lówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe dúró fún èlé ni, kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó náà. Bó ṣe ọdún méjì, bó ṣe mẹ́wàá, ìgbà tí wọ́n bá san owó náà pé ni ọmọ tó lè padà sílé. Ó pẹ́ nínú ayé òyìnbó amúnisìn kí àṣà yìí tó tán nílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìsìnkú ọjọ́ mélòó kan, ọmọ fi ìgbà èwe rẹ̀ san án. Òkú tí wọ́n ń bu ọlá fún kì bá tí gbà bẹ́ẹ̀ ká ní ó lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Òṣómàáló dé, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè kò sì san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní lórí ìlóṣòó làwọn máa wà títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ. Ẹ̀rín ni a máa ń fi ìtàn wọn rín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín fún ẹni tí wọ́n lóṣòó tì lójú ọmọ àti aládùúgbò. Ẹni tó sì ń ra aṣọ láwìn, kì í sábà ṣe torí kó lè wọ̀ ọ́ lọ sóko.

Aṣọ ẹbí náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ, aṣọ tí ẹbí jọ ń wọ̀ ni, kí a lè dá wọn mọ̀ nínú èrò. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, tí owó òwò ń wọ Èkó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ti kúrò ní ti ẹbí nìkan, ó ti di ti ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, lẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ Austria wọlé wá. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, owó epo rọ̀bì tẹ̀ lé e, níná owó lé iwájú orí olórin sì di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ó le débi pé òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà kiri tàbí láti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóde àríyá: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má ṣe bí ẹni pé àwa ò sí níbẹ̀. Kò sí ìnáwó kan tí kì í gba inú ọjà wa kọjá. Aláṣọ ń pa á, aláta ń pa á, oníírẹsì, ẹlẹ́ja, alápò ọ̀rá, ẹni tó ń wé gèlè fúnni, gbogbo wọn ni ìnáwó ń bọ́. Ìyá tó ń bú aṣọ ẹbí lóde, tó sì ń ta lẹ́ẹ̀sì nísọ̀, kó rọra. Ìnáwó fúnra rẹ̀ kọ́ ni a ń sá fún, èyí tó ju agbára ẹni lọ ni. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti sọ ọ́ tán: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n.

NÍGBÀ TÍ AYẸYẸ DI OHUN ÌJÀ

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìtàn àwọn obìnrin ọjà ti fi agbára tó wà nínú ìkórajọ han gbogbo ayé.

Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá lọ́jà. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú náà nígbà yẹn, tí ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé. Ní nǹkan bí 1944, àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ láti kọ́ ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ náà sì di ọ̀rọ̀ ìrẹsì, ọ̀rọ̀ ìrẹsì di ọ̀rọ̀ owó orí. Ní 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó di ti alákọ̀wé àti ti aláìmọ̀wé. Ìyá wa yìí bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí obìnrin ọjà kankan má baà rò pé òun kéré sí òun. Ẹ ò rí i bí aṣọ kan náà ṣe lè ṣiṣẹ́?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀hónú hàn ní 1947, àwọn aláṣẹ kọ̀, wọn ò fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de. Kí ni àwọn obìnrin ṣe? Wọ́n ní kò burú, àwọn ò ní fẹ̀hónú hàn mọ́. Àwọn kàn fẹ́ jáde lọ ṣe fàájì ni, àwọn fẹ́ lọ ṣọdún. Ta ló fẹ́ ní kí ìyá àgbà má ṣọdún? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin péjọ síwájú ààfin Aláké, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú orin. Ní oṣù kejìlá wọ́n tún padà lọ. Nígbà tó di 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí ìtẹ́ ní 1950.

Ohun kan wà tó yẹ ká fà yọ níbẹ̀. Obìnrin tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kì í ṣàdédé sun ìta mọ́jú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò dá orin, ẹni tí yóò gbè é, ẹni tí yóò se oúnjẹ, ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ ọwọ́ àwọn yòókù. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Kò sí ilé ìwé kan tó kọ́ wọn. Ìdí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni wọ́n ti kọ́ ọ, láti ìgbà èwe wọn. Ẹni tó bá ti bójú tó ìnáwó ọjọ́ mẹ́ta rí, ó ti mọ bí a ṣe ń kó èèyàn jọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Èkó pẹ̀lú Alimọtu Pẹlẹwura, ìyá ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà títí ó fi kú ní 1951. Kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba fẹ́ gbowó orí lọ́wọ́ obìnrin tó ń pa ju £50 lọ lọ́dún, ní oṣù kejìlá ọdún 1940, òun ló ṣáájú àwọn ìyá lọ bá wọn, ìjọba sì gbé iye náà lọ sí £200.

OHUN TÍ ỌDÚN 2020 KỌ́ WA

Àwa náà rí tiwa. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà nílé nítorí àrùn kòrónà. Gbọ̀ngàn àríyá tì pa. Aláṣọ àti alásè kò rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n a ò dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, a ò sì dáwọ́ ìsọmọlórúkọ dúró. Nínú pálọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, èèyàn mẹ́fà tàbí méje, oyin, iyọ̀, omi nínú abọ́, ìyá àgbà á sì ti inú fóònù sọ orúkọ tirẹ̀. Orúkọ náà jẹ́, kò sí ọmọ tó padà wá ní kí wọ́n tún òun sọ lórúkọ nítorí pé kò sí kánópì.

Àwọn tó ṣòfò lásìkò yẹn ló mọ òdìkejì rẹ̀. Àwọn kan sin òkú wọn láìsí ẹni tí yóò dì mọ́ wọn, láìsí ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n. Kò sí owó tó lè dípò ìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì ni ọdún yẹn fún wa lẹ́ẹ̀kan náà: a lè yọ púpọ̀ nínú ohun tí à ń ra kúrò láìsí ewu, ṣùgbọ́n a ò lè yọ èèyàn kúrò.

Ẹ̀YIN ALÁFỌWỌ́SOWỌ́PỌ̀, KÍ LẸ RÍ SÍ I?

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, tó ní ìwé àṣẹ, tó ní olùyẹ̀wéwò, láti inú òfin tí ìjọba ṣe ní 1935 ló ti wá nílẹ̀ wa, lẹ́yìn tí C. F. Strickland ti wá ṣe ìwádìí, tó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ gbá a mú. Ní 1953, wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní òkè òkun, èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìlú Rochdale, ní Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1844. Ẹ wá gbọ́ èyí: láti 1923 ni àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé ti ń ṣọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ya odidi ọdún 2012 àti 2025 sọ́tọ̀ fún un. Àwọn tó ń ka kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ fún ìlú wọn wọ̀nyí kò ka àyájọ́ sí òfò.

Nítorí náà, sí ẹni tó ní ká pín owó náà, ìdáhùn wa rèé. Bí a bá pín owó àyájọ́, yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan níwọ̀nba, yóò sì tán kí ọjà tó túká. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tó wọlé lọ́dún yìí, tí kò mọ ju ojú akápò lọ, níbo ni yóò ti mọ àwọn tí yóò ṣe onídùúró rẹ̀? Ìyá tí ara rẹ̀ kò yá láti oṣù mẹ́ta, ta ni yóò rántí pé kò wá? Ọjọ́ àyájọ́ la fi ń ka ara wa.

Bí a ó bá sì ṣe é, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àwọn ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́, owó tí a ti fi pamọ́ fún un ni ká fi ṣe é, kì í ṣe gbèsè, kì í ṣe owó ẹ̀yáwó ọmọ ẹgbẹ́. Èkejì, kí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́ èyí tí aláta àti aláṣọ lè jọ rà. Ẹni tí kò bá sì rí i rà, kó wọ aṣọ rẹ̀ wá, kó jókòó níwájú. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ sétí gbogbo wa, lọ́jọ́ náà gan-an, kí oúnjẹ tó jáde. Ìyẹn náà wà nínú ètò. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀.

Ti ilé kálukú wa náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí èèyàn ti fi pamọ́. Òwò la dá owó yẹn sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá gbé e lọ sìnkú, ọjà tí kò rà ni yóò máa fi san án, oṣù lẹ́yìn oṣù. Láyé òde òní, wọn kì í fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé nítorí gbèsè ìnáwó, kí ló kù tó fi yàtọ̀? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu aráyé ti ìyá yín sínú gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ́ òbí sí, omi, iyọ̀ àti oyin ṣì wà lọ́jà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì wà láàyè láti wá bá a jókòó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró ti ara yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún ka ara wa. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ á yá. Ẹni tó ń wá ọmọ, a ó bá a sọ ọ́ lórúkọ. Ajé á wọ igbá, igbá kò ní fọ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.